Gbólóhùn Igba Ó Lé Mẹ́rìnlá

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta oṣù Ẹrẹ́nà

Mo ti ba nǹkan jẹ́. Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an, kí n má bàa máa parọ́ fún ara mi tó bá dọ̀la.

Láàárọ̀ ni mo ní kí láptọ́ọ̀pù sún Línúùsì rẹ̀, ètò tó ń darí rẹ̀, sí ẹ̀yà tuntun. Èyí tó wà níbẹ̀ ò ṣe mí ní nǹkan kan o. Olùkọ́ ọ̀fun ló ní ó ti gbó jù. (Òun ni obìnrin tó ń kọ́ àwa tí a kò lóhùn mọ́ bí a ó ṣe máa bá èèyàn sọ̀rọ̀.) Ó ń lọ dáadáa, ó ti dé ìdá méjì nínú mẹ́ta. Mo dìde pé kí n lọ bomi mu. Ẹsẹ̀ mi kọ́ wáyà ṣájà. Bátìrì yẹn ti kú láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ojú láptọ́ọ̀pù ṣú lọ́gán.

Mo tún un tàn. Lẹ́tà funfun lórí dúdú. Ó ní òun ò rí ibi tí òun ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ohùn mi wà nínú rẹ̀. Gbólóhùn igba ó lé mẹ́rìnlá — mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kà wọ́n sílẹ̀ kí àwọn dókítà tó gé àpótí ohùn mi kúrò lọ́dún tó kọjá. "Ẹ káàárọ̀." "Mi ò fẹ́." "Ta ló mú gíláàsì mi?" Wọ́n á fi àwọn gbólóhùn yẹn ṣe ohùn kan tó jọ tèmi, fóònù á sì máa fi sọ ohunkóhun tí mo bá tẹ̀. Odindi oṣù mẹ́wàá ni mo fi ṣorí kunkun: mi ò fẹ́ ẹ̀rọ kankan, síléètì tó mi. Àfi ìgbà tí lẹ́tà ilé-ìwé dé lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá. Ìgbìmọ̀ máa jókòó lọ́jọ́ kọkàndínlógún láti wò ó "bóyá olùkọ́ tí kò lè sọ̀rọ̀ ṣì lè kọ́ni ní ìṣirò".

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń kọ́ni ní ìṣirò níbẹ̀. Mo fẹ́ fi ohùn ara mi dá wọn lóhùn. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin

Alákòóso — ìyàwó mi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, kò mọ̀ pé orúkọ tí mo ń pè é nìyẹn nínú ìwé — ní kí n fi ohùn tó wà nínú fóònù ṣe é. Ohùn yẹn, Ayédèrú lorúkọ tèmi fún un. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú, àmì ohùn kan ò sì yé e. Láàárọ̀ yìí mo tẹ̀ ẹ́ pé, "Ọkọ rẹ ò sùn." Ayédèrú ní, "Ọkọ̀ rẹ ò sùn."

Alákòóso ní kí n yáa lọ wá ibi tí màá páàkì rẹ̀ sí.

Ìyẹn ni wọ́n fẹ́ kí n gbé lọ síwájú ìgbìmọ̀? Láéláé.

Kò-sí-wàhálà ń bọ̀ lọ́la. Ọkọ ọmọ wa ni. Ohun gbogbo ló mọ̀ ọ́n tún ṣe, bó ṣe wí nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Kò-sí-wàhálà dé.

Ó jókòó sídìí láptọ́ọ̀pù, ó ká apá aṣọ sókè. Ó ní, "Dádì, kò sí wàhálà. Ká kàn fi Línúùsì tuntun sí i. Àwọn fáìlì yín ò ní kúrò níbi tí wọ́n wà." Mo kọ ọ́ sí síléètì: ṢÉ Ó DÁ Ẹ LÓJÚ? Ó ní ó dá òun lójú gbangba.

Mo lọ bá a bu omi nínú ilé ìdáná. Bí mo ṣe ń padà bọ̀, ẹnu ọ̀nà ni mo wà tí mo ti rí ohun tó wà lójú láptọ́ọ̀pù: pé kó pa gbogbo ohun tó wà nínú díìsìkì rẹ́. Ìka rẹ̀ ti wà lórí bọ́tìnnì. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi.

Mo la ẹnu. Afẹ́fẹ́ ló gba ihò ọrùn mi jáde.

Mo gbé ife omi sílẹ̀, mo pàtẹ́wọ́, pàá, pàá. Kò wẹ̀yìn. Ó na àtàǹpàkò sókè — ó rò pé mò ń yìn ín! Mo sọ ife náà mọ́ ògiri. Kó tó yíjú, ó ti tẹ̀ ẹ́, ó ti ń ṣiṣẹ́ lọ. Mo fò mọ́ wáyà, mo fà á yọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ ni mo fi fà á.

"Dúró." Ọ̀rọ̀ kan péré. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo nílò.

Ó di orí mú. Ó ní, "Dádì, ẹ má bínú. Ó ti lọ nìyẹn. A ó ra òmíràn."

Òmíràn wo? Wọ́n ń tà á níbo?

Ẹtì, ọjọ́ kẹfà

Mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lónìí. Ẹ̀fẹ̀ nìyẹn o.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje

Mo tú gbogbo dúrọ́ọ̀ ilé. Mo rí fúláàṣì tí mo fi ṣe ẹ̀dà nígbà yẹn. Gbólóhùn méjìlá ló wà nínú rẹ̀. Ó dájú pé méjìlá ni mo kọ́kọ́ kó síbẹ̀, tí mo wá ní màá kó ìyókù lọ́la. Èmi tí mo máa ń bú àwọn ọmọ kíláàsì nítorí "lọ́la, lọ́la" o.

Ọmọ wa pè. Alákòóso gbé fóònù sí mi létí. Ó ní, "Dádì, ẹ fi sílẹ̀. Àwa ń gbọ́ yín bẹ́ẹ̀ náà. Ọkọ mi ò lè jẹun láti ọjọ́ náà." Alákòóso náà gbà á lẹ́nu rẹ̀: pé kí n fi sílẹ̀, pé ara ló ṣe kókó.

Gbogbo wọn ń bá mi ṣọ̀fọ̀. Mi ò tíì sin nǹkan kan.

Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo gbé e lọ bá obìnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Àjà kejì ni, òkè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́. Yàrá kékeré, tábìlì kan, túnàfíìsì, èyí tó fi ń tú nóòtì, bíi ogún tí ó tò sínú agolo bí ìkọ̀wé. Gíláàsì ojú rẹ̀ wà níwájú orí, ó sì ń wá a kiri orí tábìlì. Onígíláàsì ni màá máa pè é.

Mo ti kọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé wá láti ilé, ojú ewé méjì. Ó kà á tán, ó tún un kà. Òun lẹni àkọ́kọ́ tí kò bá mi kẹ́dùn.

Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti tàn án láti ọjọ́ náà?" Mo na ìka mẹ́ta. Ó ní, "Ẹ ò gbọ́dọ̀ tàn án mọ́, Bàbá." Ó wá ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bí èmi náà ṣe máa ṣe é ní kíláàsì, ìyẹn ló sì wù mí. Ó ní díìsìkì dà bí ilé tó ní yàrá púpọ̀. Fọ́ọ́màtì tí ọkọ ọmọ mi ṣe, ìyẹn pípa tó pa á rẹ́, ò lé ẹnikẹ́ni jáde; nọ́ńbà ara ilẹ̀kùn ló yọ dànù. Àwọn ayálégbé ṣì wà nínú ilé. Àmọ́ ẹni tuntun tó bá wọlé, orí wọn ló máa tẹ́ bẹ́ẹ̀dì lé. "Àwọn tí ọkọ ọmọ yín ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì lé, ẹ gbàgbé wọn. Ìyókù, a ó kan ilẹ̀kùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan." Ó tún ní orí ló bá mi ṣe é tó fi jẹ́ díìsìkì àtijọ́ tó ń yí ló wà nínú rẹ̀, ká ní tìgbàlódé ni, ó ṣeé ṣe kó ti nu ara rẹ̀ mọ́.

Ó ní òun máa kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo díìsìkì náà, yàrá dé yàrá, àtèyí tó ṣófo. Orí ẹ̀dà nìkan la máa ṣiṣẹ́. Ó ní kí n padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Mo kọ RÁRÁ. Mo fi ìlà méjì sí ìdí rẹ̀. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ibí yìí ni màá jókòó sí, ó máa kọ́ mi ni.

Ó wò mí. Ó fẹsẹ̀ ti àpótí ìjókòó kan sọ́dọ̀ mi.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá

Ẹ̀dà ti dé ìdá mọ́kànlélógójì nínú ọgọ́rùn-ún. Níbì kan ó há, ó ń ṣe kẹ́kẹ́kẹ́. Ó tún ṣí, ó ń lọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Ẹ̀dà parí lánàá. Lónìí, Onígíláàsì fi ètò kan hàn mí tó ń ka díìsìkì láti òkè délẹ̀. Kò bìkítà fún orúkọ. Ohun tó bá ti rí bí ìró, ó gbé e jáde. Èyí tó bá rí bí àwòrán, ó gbé e jáde. Ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ fúnra mi. Mo tẹ̀ ẹ́.

Wákàtí márùn-ún. Ìró ẹgbẹ̀rún kan ó lé ogóje. Orúkọ ẹyọ kan ò kù lára wọn, nọ́ńbà gbọọrọ gbọọrọ lásán. Ìró ìkìlọ̀ kọ̀ǹpútà, agogo, orin, ìró eré kọ̀ǹpútà tí ọmọ wa ń ṣe nígbà tó wà ní kékeré.

Onígíláàsì ṣí ọ̀kan láàárín wọn. Ó kọ́kọ́ hó ṣaa. Lẹ́yìn náà: "Ta ló mú gíláàsì mi?"

Ó fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Èmi jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo dúró ti ògiri títí ara mi fi balẹ̀. Èmi ni. Èmi gan-an ni, pẹ̀lú ìbínú inú rẹ̀ àti gbogbo rẹ̀.

Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá

Mo gbé ẹ̀dà wálé. Mo ń gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń fún wọn lórúkọ padà. Ọgọ́ta ó lé mẹ́ta títí di ìrọ̀lẹ́. Àwọn kan ti já: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi—" ó parí síbẹ̀. Mi ò rántí ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n bá mi ṣe.

Tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, Alákòóso á bọ́ sẹ́yìnkùlé. Aṣọ tó ti gbẹ ló tún ń sá.

Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ kọ ti òní.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, ìwọ ìwé pàápàá mi ò sọ fún ọ. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń bá Alákòóso bínú. Ní ọsibítù, mo ní mi ò ní fọwọ́ sí i, ó tẹ́ mi lọ́rùn kí n kú tohùntohùn. Dókítà wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì méjì wà níbẹ̀. Ó kàn wò mí bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ata là ń sọ, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e. Ohùn kọ́ ni mo fẹ́ yín fún. Ẹni tí mo máa bá jà ni mò ń wá." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì fọwọ́ sí i. Àmọ́ ó dùn mí. Pé ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀.

Lónìí mo ṣí fáìlì kan, mo rò pé tèmi ni. Ohùn rẹ̀ ni.

"Bàbá ọmọ mi, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é." Ó dákẹ́. "Rárá. Á ní mò ń sunkún." Ó tún bẹ̀rẹ̀. "Ẹ rò ti ọmọ wa." Rárá. "Ẹ gbọ́ mi, tí ẹ bá fi mí sílẹ̀ —" kò parí ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ló ṣe é, mo kà á. Ní ẹ̀ẹ̀kẹfà kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀, ikun ló ń fà. Ní ẹ̀ẹ̀kẹsàn-án ló wá sọ ọ́: ti ohùn, ti ẹni tó máa bá jà. Bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ní ọsibítù. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Ìyẹn dáa. Ìyẹn á mú un."

Mo gbé láptọ́ọ̀pù lọ bá a lẹ́yìnkùlé. Mo tẹ̀ ẹ́.

Ó dúró pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́. Ó ní, "Mo pa ìyẹn rẹ́. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi pa á rẹ́." Ó tún ní, "Ẹ̀yin àti orí kunkun yín, ẹ lọ hú u jáde."

Mo kọ ọ́ pé mi ò mọ̀. Ó ní, "Ẹ ò gbọ́dọ̀ mọ̀. Tí ẹ bá mọ̀, ẹ ò ní fọwọ́ sí i." Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó sọ ohun tó ń lé e jáde nílé láti ọjọ́ Ẹtì: òun ti sin ohùn yẹn. Òun dá sin ín ni, ó gba òun ní oṣù mélòó kan, òun ò jẹ́ kí n rí i. "Ẹ wá jí i, ẹ ò tiẹ̀ bi mí."

Òótọ́ ni. Mi ò bi í. Mo kọ ọ́: ṢÉ KÍ N DÁWỌ́ DÚRÓ?

Ó gba síléètì lọ́wọ́ mi, ó fi apá aṣọ rẹ̀ nù ún. Ó ní, "Ẹ sún. Mélòó ló kù?"

A jọ gbọ́ ọ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Èyí tí mo fi bú aládùúgbò nípa ẹ̀rọ amúnáwá rẹ̀ — Alákòóso ní kí n tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ó parí. Mọ́kànléláàádọ́sàn-án ló yè. Mẹ́tàlélógójì ti lọ, wọn ò ní padà mọ́. "Ó dàárọ̀" wà lára àwọn tó lọ.

Olùkọ́ ọ̀fun ní àádọ́jọ tó láti fi ṣe ohùn náà. Mo fẹ́ jó. Ó wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n máa fi ṣe é. Ọjọ́bọ̀ yìí ni ìpàdé! Ó ní kí n bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sún un síwájú, àbí kí n lo Ayédèrú fúngbà díẹ̀.

Mi ò ní bẹ ẹnikẹ́ni. Mi ò sì ní lo Ayédèrú. Màá gbé àwọn gbólóhùn náà lọ bí wọ́n ṣe wà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo yan ọgbọ̀n, mo tò wọ́n sórí fóònù, bọ́tìnnì kan sí ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ ilé ni gbogbo wọn. Kò sí "Ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ ọlọ́wọ̀" níbẹ̀. "Mi ò fẹ́" wà níbẹ̀. Alákòóso ṣe alága, ó fi ìbòrí wé lọ́rùn bíi táì, ó ń béèrè ìbéèrè burúkú. Ó le ju alága lọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún

Tábìlì gígùn, omi inú ife, èèyàn márùn-ún. Alága láàárín, ọ̀gá ilé-ìwé lápá ọ̀tún, ìyá kan tó ń ṣojú àwọn òbí ní ìkangun.

Alága sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó yìn mí débi tí mo fi mọ̀ pé ibi tó ń lọ ò dáa. Ó parí ẹ̀ sí pé, "Gbogbo wa rò pé ó ti tó àsìkò kí Tísà lọ sinmi."

Mo tẹ̀ ẹ́. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Ìkọ̀wé bọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé. Ọdún méjìlá ló fi ń gbọ́ ohùn yẹn láti yàrá kejì.

Alága wo fóònù, ó wo ẹnu mi. Ó ní, "Ìgbìmọ̀... ìgbìmọ̀ ló rò bẹ́ẹ̀, sà."

"Mi ò gbọ́ dáadáa. Tún un sọ."

Ẹnìkan fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyá òbí béèrè, ó sì béèrè rẹ̀ tọkàntọkàn, pé tí ọmọ kan bá ṣi nǹkan ṣe, tó nílò àlàyé ńkọ́? Ìbéèrè gidi nìyẹn. Mo lọ sídìí pátákó. Mo kọ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin pín sí ìdá méjì nínú márùn-ún. Mo na ṣọ́ọ̀kì sí alága. "Wá síbí."

Ó wá! Èmi náà ò mọ̀ pé ó máa wá. Ó fi ìdá ṣe ìsọdipúpọ̀ láì yí èkejì padà. "Rárá. Wò ó dáadáa." Mo fi ìka fa ìlà yí ìdá kejì ká, mo yí ọwọ́ mi sódì. Ó dúró. Ojú rẹ̀ là. Ó yí i padà, ó rí i: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí mẹ́jọ. Mo fẹ́ tẹ "O ṣeun." Ìka mi yọ̀. "Oúnjẹ ti tutù."

Ìyá òbí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Alága nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó nu ẹfun ọwọ́ rẹ̀ nù, ó padà jókòó, ó ní wọ́n máa kọ lẹ́tà sí mi láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àmọ́ títí lẹ́tà á fi dé, kí n wà nílé.

"Mi ò fẹ́."

Mo kí wọn, mo jáde.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlélógún

Kò-sí-wàhálà wá pẹ̀lú ọmọ wa. Ó gbé díìsìkì tuntun dání, ó ní kí a fi ṣe ẹ̀dà kejì, kó wà lọ́dọ̀ wọn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Mo tẹ̀ ẹ́ fún un: "Wọlé, wá jẹun." Ó ti gbàgbé pé bí ohùn mi ṣe rí nìyẹn. Ó yíjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo fà á wọlé.

Lẹ́yìn oúnjẹ, mo ṣe ẹ̀dà náà fúnra mi. Ó jókòó jìnnà, ó ká ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ apá.

Ajé, ọjọ́ kẹtàlélógún

Lẹ́tà ò tíì dé. Mo wẹ̀, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí Alákòóso lọ̀, mo lọ síbi iṣẹ́.

Ọ̀dọ́mọdébìnrin tí wọ́n fi dípò mi wà nínú kíláàsì. Ó rí mi, kò bi mí ní nǹkan kan. Ó na ṣọ́ọ̀kì sí mi, ó kó ìwé rẹ̀, ó lọ jókòó lẹ́yìn. Ọmọ mọ́kànlélógójì. Wọ́n ń wò mí bí ẹni tó rí òkú tó jíǹde. Mo kọ iṣẹ́ márùn-ún sí pátákó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́.

Ọ̀gá ilé-ìwé gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kọjá. Ó dúró. Mo wò ó, ó wò mí. Ó ṣí fèrèsé díẹ̀ sí i kí atẹ́gùn lè wọlé, ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo máàkì ìwé wọn nílé lálẹ́ yìí. Mọ́kàndínlógún ló ṣi ìbéèrè kẹta. Ìdá ò tíì yé wọn. Lọ́la, a ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ látòkè.